Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ọmọ yín ní ọ́tísímù: ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò. Kẹ́ ẹ tó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ máa wá oògùn ká, kẹ́ ẹ tó pe gbogbo ẹbí jọ, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Ọmọ tó ní ọ́tísímù ń bá yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu o, bí ò sọ o. Igbe tó ń ké, etí tó ń dì, bó ṣe ń sá kúrò lọ́dọ̀ àlejò, bó ṣe ń yí táyà mọ́tò ìṣeré ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ọ̀rọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká kọ́ bá a ṣe máa gbọ́ ọ.

Ọmọkùnrin mi ló kọ́ mi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó máa ń ge ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ẹ̀ á pọ́n, á wú. Àwọn kan ní mo ti kẹ́ ẹ jù, kí n nà án. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ló ní kí n máa kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣe gan-an, kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ kí ojú mi tó là. Ìgbà tá a bá tan iná gbọọrọ tó wà ní pálọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, iná yẹn máa ń ṣẹ́jú, ó sì máa ń kùn bí eṣinṣin, ẹni tí ò bá tẹ́tí sí i ò lè gbọ́. A pààrọ̀ gúlóòbù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹgba tó lè bá wa rí iná yẹn láéláé.

Ohun tí ọ́tísímù jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Ọpọlọ ọmọ náà ló gba ọ̀nà tiẹ̀ dàgbà, ó sì ti ń gbà á bọ̀ látinú oyún. Ibi méjì ló ti máa ń hàn. Ibì kan ni bó ṣe ń bá èèyàn lò: ọ̀rọ̀ sísọ, ojú wíwò, eré ṣíṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́, kó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́. Ibì kejì ni pé ó ń fẹ́ kí nǹkan máa lọ bó ṣe máa ń lọ, ó ń ṣe nǹkan kan náà léraléra, ohun kan ṣoṣo lè gbà á lọ́kàn pátápátá, ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ tàbí lébẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́rùn aṣọ lè máa gún un bí abẹ́rẹ́. Àwọn kan ò ní fẹnu sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dàgbà, àwọn kan á sọ̀rọ̀ ju tíṣà wọn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní i, torí náà kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o, bó ti wù kó máa ṣe yín bẹ́ẹ̀ lóru.

Kì í ranni. Kì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Àbùdá téèyàn ń jogún, tí wọ́n ń pè ní jíìnì, ló kó ipa tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín sọ èyí dáadáa torí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí wa létí. Lọ́dún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tó kíyè sí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi ń sọ pé ìyá tí ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀ tó, tó tutù sí ọmọ bíi yìnyín, ló fà á. Ẹ ro iye ìyá tó gbé ẹ̀bi yẹn wọ sàréè. Bernard Rimland, tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ bàbá ọmọ tó ní ọ́tísímù, ló kọ̀wé lọ́dún 1964 pé irọ́ ni, inú ara ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Ẹni tó bá ṣì ń dá yín lẹ́bi lónìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sin láti ohun tó lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń hú jáde.

Ti àwọn tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa ọ́tísímù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọdún 1998 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 12 péré, tó so abẹ́rẹ́ ìgbóná eéyi mọ́ ọ́tísímù, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ fà á padà lọ́dún 2010, wọ́n sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà lọ́dún yẹn kan náà. Ní Denmark wọ́n tọpa àwọn ọmọ tó lé ní 650,000, wọn ò rí i pé àwọn tó gbabẹ́rẹ́ ìgbóná eéyi ní ọ́tísímù ju àwọn tí ò gbà á lọ. Ohun tó ń tan àwọn òbí ni pé ọjọ́ orí tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ yẹn ni àmì ọ́tísímù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́.

Àwọn àmì, àti àyẹ̀wò

Tọ́mọ bá ti pé ọdún kan tẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ léraléra tí kò wẹ̀yìn, ẹ fojú sí i. Èyí tí mo ka sí jù ni ìka nínà. Ọmọ lè nàka sí nǹkan torí pé ó fẹ́ ẹ, ó tún lè nàka sí ẹyẹ tó ń fò lọ kó wá wojú yín, kó kàn lè jẹ́ pé ẹ jọ rí i. Ìkejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísímù kì í tètè ṣe. Àwọn míì ti ń pe orúkọ nǹkan tẹ́lẹ̀, tó bá tó bí oṣù 15 sí 24, ọ̀rọ̀ yẹn á kàn pòórá. Ẹ má dúró tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ lọ rí dókítà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ló ní i o. Ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò etí, torí ọmọ tí ò gbọ́ràn dáadáa náà kì í dáhùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà tàbí fọ́tò ọpọlọ tí wọ́n lè yà tó máa sọ pé ọ́tísímù rèé, wíwò ni wọ́n ń wo ọmọ, tí wọ́n á sì bi yín ní ìbéèrè rẹpẹtẹ. M-CHAT ni ìbéèrè 20 kan fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ẹ̀yin òbí lẹ máa dáhùn ẹ̀, ó ń sọ bóyá kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, kò sọ pé ó ti dájú. Ẹ fọkàn sí àwọn ọmọbìnrin gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń wo ẹgbẹ́ wọn ṣe, wọ́n á fara wé wọn títí á fi rẹ̀ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá délé tí wọ́n bú sẹ́kún.

Tí wọ́n bá kọ ìpele 1, 2 tàbí 3 sínú ìwé yín, bí ìrànlọ́wọ́ tó nílò lásìkò yẹn ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ bó ṣe gbọ́n tó, wọn ò sì sọ ibi tó máa dé. Kẹ́ ẹ má sì dúró de ìwé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí ò lè pa ọmọ kankan lára, kódà tó bá wá hàn pé kì í ṣe ọ́tísímù.

Ọ̀rọ̀ sísọ

Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá ní "ṣé o ò rí i pé a ti fẹ́ máa lọ ni, dìde níbẹ̀ yẹn jàre, lọ mú bàtà ẹ wá kí n bá ẹ wọ̀ ọ́," ó lè má gbọ́ ju ariwo lọ. "Bàtà. Mú bàtà wá." Ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ara yín kẹ́ ẹ tó tún un sọ. Ìdákẹ́ yẹn ò rọrùn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ka ẹ̀jọ tàbí ẹ̀sán ló máa dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà ló jìn. Tẹ́ ẹ bá ti tún un sọ kó tó parí ti àkọ́kọ́, ẹ ti dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Yorùbá tiwa yìí náà láwọn ibi tó ti máa ń dà wọ́n láàmú. Ẹ fẹ́ jáde, ẹ ní "mò ń bọ̀." Ẹ tún un gbọ́ ná: ẹ̀ ń lọ, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Àwa mọ̀ pé ìpadàbọ̀ là ń sọ, àmọ́ ọmọ tó ń mú ọ̀rọ̀ bó ṣe wà, ẹ̀yìn yín ló rí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi fi nǹkan bí ọdún kan sunkún sí "mò ń bọ̀" yẹn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "mọ́mì ń lọ, mọ́mì á padà wá tí ilẹ̀ bá ṣú," ẹkún náà rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "fẹsẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ dádì," ó lè gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó máa wò yín. Kì í ṣe àfojúdi, ohun tẹ́ ẹ sọ ló ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá bi í pé "ṣé o fẹ́ mu omi?" tóun náà dáhùn pé "ṣé o fẹ́ mu omi?", omi ló ń tọrọ. Ó ti gbá gbólóhùn yẹn mú pọ̀ mọ́ ife omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àgbà náà nìyẹn, wọ́n á ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, ó ń sọ "o" sí àgbàlagbà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó bínú. Kẹ́ ẹ sì máa sọ gbólóhùn náà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó jáde lẹ́nu tiẹ̀: ẹ na ife sí i, ẹ ní "mo fẹ́ omi," èyí tó bá gbọ́ ló máa dì mú.

Ẹnu nìkan kọ́ lèèyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi fóònù ya ife tiẹ̀, bàtà tiẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá fẹ́ omi, ó mú fọ́tò ife fún yín, ẹ fún un lómi lójú ẹsẹ̀, láìbéèrè nǹkan míì. Andy Bondy àti Lori Frost ló ṣètò irú ọ̀nà yìí lọ́dún 1985, PECS ni wọ́n ń pè é. Àwọn míì ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ jáde téèyàn bá tẹ àwòrán, àwọn míì ń fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí pé tó bá ti mọ́ ọn lára, kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ìwádìí ò fi ìyẹn hàn, àwọn ọmọ kan tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i, torí ara tù wọ́n.

Tẹ́nì kan bá sì ní kẹ́ ẹ pa èdè ilé tì, kẹ́ ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó má bàa dà rú mọ́ ọn lórí, ẹ má gbà. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù tí wọ́n ń gbọ́ èdè méjì ò rí i pé ó pa wọ́n lára. Èdè tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun ni kẹ́ ẹ bá a sọ. Tẹ́ ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, èwo ló fẹ́ fi bá bàbá àgbà àti ìyá àgbà sọ̀rọ̀?

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá kún

Ọmọ tó ń ké kẹ́ ẹ lè ra nǹkan ìṣeré fún un, á máa yọjú wò yín bóyá ẹ ti ń rọ̀, tẹ́ ẹ bá rà á, á dákẹ́. Èyí táwọn olóyìnbó ń pè ní meltdown kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ọmọ náà ló kún àkúnwọ́sílẹ̀ bíi garawa tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Kò béèrè nǹkan kan, torí náà kò sóhun tẹ́ ẹ lè fún un tó máa mú un dákẹ́. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní ké, wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú wọn á ṣófo, nǹkan kan náà ni.

Ẹ pa ariwo, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ lé èrò sẹ́yìn. Ẹ má máa bi í ní ìbéèrè, ẹ má ní kó wo ojú yín, ẹ má dì í mú àyàfi tó bá fẹ́ ṣe ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe. Ẹ jókòó nítòsí ẹ̀ nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa mí rọra. Tó bá tán, á ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti sáré ọ̀nà jíjìn, omi àti oorun ló kàn, kì í ṣe ìwàásù. Ẹ kọ ohun tó ṣáájú ẹ̀ sínú ìwé yẹn lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì rí irú ẹ̀ ní ìta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki fóònù yín bọ àpò, ọmọ yẹn máa dàgbà, á sì rí fídíò yẹn lọ́jọ́ kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ pé "kí ni n bá yín gbé?"

Ti ọwọ́ tó ń jù, bó ṣe ń fò sókè, bó ṣe ń mì síwá sẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó fi ń tu ara ẹ̀ nínú ni. Tó bá ń gbá orí mọ́ ògiri, ìyẹn ni ká bá a wá ohun míì tí kò ní dá ọgbẹ́ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó kàn kó tó kàn án. Fọ́tò mẹ́rin lára ògiri, wẹ̀, wọṣọ, jẹun, súkúù, tó bá ṣe tán pẹ̀lú ọ̀kan kó yọ ọ́. "Kọ́kọ́ wọ bàtà, lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù." Tí nǹkan bá máa yí padà, ẹ ti sọ ọ́ lánàá, kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ láàárọ̀.

Ara ríro àti ewu

Tí ìwà ẹ̀ bá ṣàdédé yí padà, ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: eyín, etí, inú tí kò lọ geere. Ọmọ tí ò lè sọ pé "eyín ń dùn mí" lè máa gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wárápá máa ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ju àwọn ọmọ yòókù lọ, tó bá ń wo ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ sọ fún dókítà.

Èyí ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rìn jáde nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, omi sì máa ń fà wọ́n, ikú inú omi sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ẹ gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn sókè níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí ọwọ́ tàbí aṣọ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo aládùúgbò mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá a tì, ibi tí omi bá wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, kẹ́ ẹ tó wá yàrá.

Àwọn tó ń ta ìwòsàn náà tún wà níbẹ̀. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní MMS, tó bá ti wọ inú, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó aṣọ ló ń dà, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ nípa ẹ̀ lọ́dún 2010, wọ́n tún kìlọ̀ lọ́dún 2019. Ọmọ ọdún márùn-ún kan kú ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 níbi tí wọ́n ti ń fa oògùn sí i lára pé àwọn ń yọ irin májèlé jáde. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísímù sàn. Oògùn wà fún wárápá, ó wà fún àìróorunsùn, spíìṣì tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, sì wà, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa mú un kúrò láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Súkúù àti ẹbí

Fún tíṣà, ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bó bá ti pọ̀ wọn ò ní kà á: ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń sọ pé òun fẹ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe tí gbogbo ẹ̀ bá kún. Ẹ ní kí wọ́n fi í síbi tí kò sún mọ́ agogo tàbí fèrèsé ojú títì.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ nílé, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní àkókò tiwọn, kódà kó jẹ́ ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, ìlérí yẹn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kì í ṣe àwọn ló bímọ. Bàbá àti ìyá, ẹ pín òru náà, ẹnì kan ò lè máa jí lójoojúmọ́ kó má ṣubú.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, "á dáa, kò sóhun tó ṣe é" yẹn ò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wá jókòó ti ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá ẹ̀ sùn. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń ṣe é fún mi ní ọjọ́ Sátidé. Kì í gbé ọmọ mọ́ra láti ẹnu ọ̀nà, kì í ní kó kí òun. Á bọ́ bàtà, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdérí ìgò tiẹ̀ sórí ìlà, bí ọmọ náà ṣe ń to tiẹ̀. Sátidé mẹ́ta, ọmọ náà ò wò ó. Ní ìkẹrin, ó mú ìdérí pupa kan láti inú ìlà tiẹ̀, ó fi í sínú ìlà ti àbúrò mi, níbi tí pupa ti kù.